Àárín tíṣà àti ọmọ kíláàsì: kí ló kan ìlera ọpọlọ níbẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká wo inú kíláàsì kan fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Iṣẹ́ ìṣirò wà lójú bọ́ọ̀dù, gbogbo ọmọ ń kọ ọ́ sínú ìwé, àfi ọmọ ọdún mẹ́tàlá kan tó gbórí lé tábìlì. Kò sùn o. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ògiri ló ń wò. Tíṣà kan á ní, "Ìwọ tó o gbórí lé tábìlì yẹn, ṣé yàrá yín lo rò pé o wà ni?" Gbogbo kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín, ọmọ náà á gbórí sókè, á mú bírò. Tíṣà mìíràn ò ní pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Á máa ṣàlàyé lọ, á máa rìn láàárín ìjókòó, tó bá dé ẹ̀gbẹ́ ọmọ yẹn, á fi ìka kan tábìlì rẹ̀ jẹ́jẹ́, á rọra sọ fún un pé, "Tá a bá parí, dúró dè mí." Ọmọ yẹn náà á gbórí sókè, á mú bírò.

Ẹni tó bá ń wò láti ojú fèrèsé á ní nǹkan kan náà ni tíṣà méjèèjì ṣe: ọmọ tí kò kọ̀wé ti ń kọ̀wé báyìí. Àmọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ọmọ náà yàtọ̀ pátápátá, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wa wà.

Ọ̀rọ̀ pé àárín tíṣà àti ọmọ ní í ṣe pẹ̀lú ìlera ọpọlọ máa ń dàrú mọ́ àwọn èèyàn lójú. Èyí tí mo máa ń gbọ́ jù ni pé, "Ìwé ni tíṣà ń kọ́ni, dókítà ló ń tọ́jú aláìsàn, kí ló pa wọ́n pọ̀?" Àwọn mìíràn gbà pé ó kàn án, àmọ́ ohun tó yé wọn ni pé kí tíṣà máa rẹ́rìn-ín sí ọmọ, kó má bá a wí, kó sọ ara rẹ̀ di ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn tíṣà fúnra wọn, pàápàá àwọn tí iṣẹ́ ti sú, ohun tí wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀ ni pé wọ́n tún ti di ẹrù mìíràn lé àwọn lórí: lẹ́yìn ìwé kíkọ́, máàkì àti ìpàdé, kí àwọn tún wá di oníṣègùn ọpọlọ. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ̀rọ̀ náà fún wọn ni kò dáa.

Ìlera ọpọlọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ wèrè

Tí a bá ti pe ìlera ọpọlọ, ọ̀pọ̀ èèyàn á kọ́kọ́ ro ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀ lójú títì. Ọ̀rọ̀ náà gbòòrò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọmọ ṣe ń sùn tó sì ń jí wà nínú rẹ̀, bó ṣe ń ro ara rẹ̀ sí wà níbẹ̀, bó ṣe ń gba ìjákulẹ̀ mọ́ra, àti bóyá ó ṣì ní ohun tó ń wù ú láti ṣe. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú ọmọ méje tó wà láàárín ọdún 10 sí 19, ọ̀kan ní ìṣòro ìlera ọpọlọ. Àníyàn àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wà lára èyí tó wọ́pọ̀ jù. Tí kíláàsì kan bá ní ọgbọ̀n ọmọ, bíi mẹ́rin nínú wọn nìyẹn, tíṣà tó sì dúró níwájú wọn lè má mọ èyí tí wọ́n jẹ́.

Ẹ wá wo ọjọ́ orí yẹn dáadáa. Ọdún 10 sí 19 náà ni ọmọ ń lo nílé-ìwé. Yàtọ̀ sí àwọn ará ilé, kò sí àgbàlagbà tó ń rí ọmọ tó báyìí. Tíṣà tún ní ohun kan tí òbí kò ní: ẹgbẹ́ ọmọ náà wà lójú rẹ̀. Ìyá lè sọ pé, "Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn," nítorí ọmọ tirẹ̀ nìkan ló ń wò. Ẹni tí ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún mẹ́tàlá ti gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá mọ ìgbà tí ìdákẹ́jẹ́ jẹ́ ìwà, ó sì mọ ìgbà tó jẹ́ pé nǹkan ló ń ṣe ọmọ. Ó mọ̀ ọ́n o, tó bá mọ ọmọ náà. "Tó bá mọ ọmọ náà" yìí ni gbogbo rẹ̀ rọ̀ mọ́.

Kí là ń pè ní àárín tó dára?

Robert Pianta, onímọ̀ ìhùwàsí ọmọdé ní Yunifásítì Virginia ní Amẹ́ríkà, ṣe ìwé ìbéèrè kan tí tíṣà máa ń dáhùn nípa ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ohun mẹ́ta ni ìwé náà ń wá. Àkọ́kọ́ ni ìsúnmọ́ra: ṣé ọmọ yìí máa ń sọ nǹkan nípa ara rẹ̀ fún yín láìjẹ́ pé ẹ bi í? Èkejì ni gbọ́nmi-si-omi-ò-to: ṣé ó máa ń dà bíi pé ẹ̀yin àti ọmọ yìí ń wọ̀yá ìjà nígbà gbogbo? Ẹ̀kẹta ni kí ọmọ gbára lé tíṣà jù, tí kò fi lè dá nǹkan kan ṣe.

Ohun tó wù mí níbẹ̀ ni pé ìsúnmọ́ra àti ìjà kì í ṣe orí àti ìdí okùn kan náà. Ọmọ kan lè máa bá tíṣà rẹ̀ fa ọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ kó sì fẹ́ràn rẹ̀ bí ojú. Òmíràn wà tí kò bá ẹnì kankan jà rí, tí kò sì sún mọ́ ẹnì kankan. Ó ń wọlé ní àkókò, ó ń kọ iṣẹ́ rẹ̀, máàkì rẹ̀ ò dára jù, kò sì burú jù, ó sì ń lọ sílé. Tí ẹ bá bi tíṣà nípa rẹ̀ ní òpin ọdún, á ní, "Ọmọ dáadáa ni," kò sì ní rí gbólóhùn kejì sọ. Lójú tèmi o, ọmọ yìí ló yẹ ká kọ́kọ́ bẹ̀rù fún, nítorí aláriwo, ariwo rẹ̀ á pè wá.

Àárín tó dára kì í ṣe ọ̀rẹ́. Ọmọ ní ọ̀rẹ́ tirẹ̀, kò wá ọ̀rẹ́ ẹni ogójì ọdún. Ohun tó ń wá lọ́wọ́ tíṣà kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ṣòro ju bẹ́ẹ̀ lọ: kó mọ̀ mí, kó má ṣe ojúsàájú, kó má dójú tì mí lójú ẹgbẹ́ mi tí mo bá kùnà, kó sì mọ̀ tí mi ò bá wá. Tíṣà tó le koko lè fún ọmọ ní gbogbo èyí. Gbogbo wa la mọ tíṣà kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mú kíláàsì dákẹ́ rọ́rọ́, síbẹ̀ tí ọmọ bá ní ìṣòro, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń gbà lọ. A sì mọ èyí tó ń dápàárá látàárọ̀ dalẹ́ tí kò mọ orúkọ ju ọmọ márùn-ún lọ.

Báwo ló ṣe ń wọ ara ọmọ?

John Bowlby, dókítà ọpọlọ ará Bírítéènì, ló kọ́kọ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí kúnnákúnná, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òbí àti ọmọ ọwọ́ ló ń wò. Ẹ ti rí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn níbi tí èrò wà. Á rìn lọ díẹ̀, á bojú wẹ̀yìn wo ìyá rẹ̀, tó bá rí i pé ó ṣì wà níbẹ̀, á tún rìn lọ sí i. Mímọ̀ pé ẹnì kan wà lẹ́yìn ló fún un láyà láti lọ. Ọmọ ilé-ìwé náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò kàn hàn sójú ni. Kí ọmọ nawọ́ sókè láti dáhùn ìbéèrè tí kò dá a lójú, ìrìn àjò ni. Kó sọ pé, "Kò yé mi," lójú ọgbọ̀n ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ìrìn àjò tó jìn ni. Kó tó ṣe é, á kọ́kọ́ wo ojú tíṣà.

Ara náà ń gbọ́ ọ. Tí ẹ̀rù bá ń ba èèyàn, ara á tú homóònù cortisol sínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn á máa lù kìkì, gbogbo akíyèsí á lọ sórí ibi tí ewu lè ti wá. Fún ìṣẹ́jú díẹ̀, èyí wúlò. Tó bá di ojoojúmọ́, oorun á dàrú, ìrántí á dín kù, inú á máa bí ọmọ sí ohun tí kò tó nǹkan. Ọmọ tó mọ̀ pé wọ́n lè dójú ti òun ní aago mẹ́wàá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ní aago méje, níbi tó ti ń wọ bàtà. Òbí á kàn gbọ́ pé inú ń run ún ni. Inú rírun tó ń dé lọ́jọ́ Ajé tí kì í sí ní Sátidé, ẹ má pè é ní irọ́. Inú náà ń run ún lóòótọ́, ibi tí ìrora ti ń wá ni kò sí nínú ikùn.

Ọ̀nà mìíràn tún wà, òun ni mo rò pé ó lágbára jù fún àwọn tó ti ń bàlágà. Ìgbà yẹn ni ọmọ ń bi ara rẹ̀ pé, "Irú èèyàn wo ni mí?" Kò lè dá dáhùn, ojú àwọn ẹlòmíì ló fi ń wo ara rẹ̀, tíṣà sì wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn wúwo jù, nítorí òun ni bírò pupa wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo wà nílé-ìwé, tíṣà ìṣirò wa máa ń ka máàkì síta láti orí ẹni tó gba jù wá sílẹ̀. Tó bá ku bí ẹni mẹ́wàá, á pa ìwé náà dé, á ní, "Ẹ̀yin tó kù, ẹ mọ ara yín." Mo wà lára àwọn tó mọ ara wọn. Mi ò rántí ohun kan nínú ohun tó kọ́ wa lọ́dún yẹn, àmọ́ mo rántí ìró ìwé yẹn tó bá ń pa á dé. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, tíṣà mìíràn gba kíláàsì wa. Ó dá ìwé mi padà, kò kọ máàkì sórí rẹ̀ rárá, ó kàn kọ ọ́ sétí ìwé pé, "Ìlà kẹta lo ti ṣìnà. Ohun tó wà lókè ẹ̀ dára. Tún un ṣe, mo mọ̀ pé o máa gbà á." Àárín ogún èèyàn tó ń pariwo ni mo ti kà á, ó sì dà bíi pé èmi nìkan ló wà nínú yàrá náà.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé àwọn onímọ̀ ti dán irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ wò. Lọ́dún 2014, David Yeager, Geoffrey Cohen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn ọmọ kíláàsì keje ní Amẹ́ríkà tí wọ́n kọ àròkọ. Tíṣà ti tọ́ka sí àṣìṣe inú gbogbo rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Wọ́n wá lẹ ìwé pélébé mọ́ ọn. Ti àwọn kan sọ pé tíṣà kọ àlàyé yìí nítorí ó ń retí ohun tó ga lọ́wọ́ ọmọ náà, ó sì mọ̀ pé ó lè dé ibẹ̀. Ti àwọn yòókù kàn sọ pé àlàyé nípa iṣẹ́ wọn nìyí. Láàárín àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú tó gba ìwé pélébé tí kò sọ nǹkan, ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún ló tún àròkọ wọn ṣe. Láàárín àwọn tó gba ti àkọ́kọ́, ìdá 72 ni. Àwọn ọmọ tó ti ní ìdí láti rò pé ilé-ìwé kò ka àwọn sí lọ̀rọ̀ náà wọ̀ lára jù. Ẹ tún kíyè sí i pé tíṣà ò pa àṣìṣe wọn mọ́. Wọ́n rí i gbogbo, pẹ̀lú ìdí tí ẹnì kan fi jókòó tì í.

Ẹyin ni àbí adìẹ?

Ibí ni oníyèméjì tó gbọ́n á ti dá mi dúró. Ṣé àárín tó dára ló ń mú kí ọkàn ọmọ balẹ̀, àbí ọmọ tí ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló rọrùn fún tíṣà láti fẹ́ràn? Ìbéèrè gidi ni, ọ̀pọ̀ tó ń kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí sì máa ń fò ó.

Ní Amẹ́ríkà, ní 1997, Michael Resnick àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọ̀dọ́ tó lé ní 12,000. Àwọn tó ní ìsopọ̀ gidi mọ́ òbí àti mọ́ ilé-ìwé kò fi bẹ́ẹ̀ kó sínú ewu bíi ìrẹ̀wẹ̀sì líle, èrò àtipa ara ẹni, oògùn olóró àti ìjà. Lọ́dún 2021, nígbà àrùn kòrónà, CDC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dènà àrùn, bi àwọn ọmọ ilé-ìwé girama bóyá wọ́n sún mọ́ àwọn èèyàn ilé-ìwé wọn. Nínú àwọn tó ní bẹ́ẹ̀ ni, bíi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún sọ pé ìbànújẹ́ àti àìnírètí ò fi àwọn sílẹ̀. Nínú àwọn tó ní bẹ́ẹ̀ kọ́, bíi ìdá 53 ni. Ìyàtọ̀ náà ga. Àmọ́ "àwọn èèyàn ilé-ìwé" kì í ṣe tíṣà nìkan, ọ̀rẹ́ wà níbẹ̀. Ọmọ tó ti wà nínú ìrẹ̀wẹ̀sì sì lè sọ pé òun ò sún mọ́ ẹnikẹ́ni nítorí ìrẹ̀wẹ̀sì náà ti mú un kúrò láàárín wọn. Nítorí náà nọ́ńbà yìí ò lè dá dáhùn ìbéèrè wa.

Bridget Hamre àti Pianta gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n tẹ̀ lé ọmọ 179 láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé kíláàsì kẹjọ. Àwọn tí gbọ́nmi-si-omi-ò-to pọ̀ láàárín wọn àti tíṣà ní jẹ́lé-ó-sinmi ṣì ń ru àmì rẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ àti ìwà lọ́pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, kódà lẹ́yìn tí àwọn onímọ̀ náà ti yọ ipa ìwà tí ọmọ bá wá àti ìmọ̀ tó ní tẹ́lẹ̀ kúrò. Àwọn ọmọ tí ìwà wọn ti ń fa wàhálà látìbẹ̀rẹ̀ ló hàn lára wọn jù. Ìyẹn ni pé ọmọ tó ṣòroó fẹ́ràn ni àárín náà ṣe pàtàkì fún jù. Ẹ wo ohun tó le níbẹ̀.

Èyí tó sún mọ́ ìdáhùn jù ni kí a yí ọwọ́ tíṣà padà ká wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí ọmọ. Jason Okonofua àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe é ní ilé-ìwé márùn-ún ní California, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2016. Wọ́n pín àwọn tíṣà ìṣirò sí méjì láìṣa ẹ̀ṣà. Apá kan ka ìtàn nípa ìdí tí ọmọ fi máa ń ṣe àìgbọràn, àti bí fífi ọ̀wọ̀ bá ọmọ wí ṣe ń mú kó dàgbà. Wọ́n tún ní kí wọ́n kọ ohun tí àwọn fúnra wọn máa ń ṣe sílẹ̀. Kò ju ìjókòó díẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ. Nínú àwọn ọmọ tí tíṣà apá kejì ń kọ́, ìdá 9.6 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n lé lọ sílé fún ìgbà díẹ̀ lọ́dún yẹn. Lọ́wọ́ àwọn tó ka ìtàn náà, ìdá 4.8 ni. Àwọn ọmọ tí wọ́n ti lé rí tẹ́lẹ̀ sì sọ pé àwọn rí ọ̀wọ̀ gbà sí i. Ìwádìí yìí kò wọn ìrẹ̀wẹ̀sì, mi ò sì ní sọ pé ó wọ̀n ọ́n. Àmọ́ ó jẹ́ ká mọ̀ pé àárín náà ṣeé yí padà láti ọ̀dọ̀ àgbàlagbà, láìdúró de ọmọ kó kọ́kọ́ di ọmọlúàbí.

Nítorí náà, ẹyin àti adìẹ ni. Ọmọ tí nǹkan ń ṣe máa ń ṣe ohun tó ń lé tíṣà sá, lílé tí ó lé e sá náà á sì bù kún ohun tó ń ṣe é. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lára ọ̀dọ́langba kì í sábà jẹ́ ẹkún. Ìbínú ni, ìyájú ni, iṣẹ́ àṣetiléwá tí kò ṣe lọ́sẹ̀ mẹ́ta ni. Tíṣà á rí àfojúdi, á fèsì sí àfojúdi. Ọmọ tó ti ń rò tẹ́lẹ̀ pé kò sẹ́ni tó fẹ́ràn òun á wá ní ẹ̀rí. Lọ́jọ́ kejì, òun ló máa kọ́kọ́ ṣe àfojúdi kí ó má bàa jẹ́ pé òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ ṣe é sí. Ọ̀rọ̀ á wá di mo-ṣe-ọ́-o-ṣe-mí láàárín ọmọ ọdún mẹ́rìnlá àti àgbàlagbà, ẹni tó dàgbà jù ló sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi okùn sílẹ̀.

Ní erékùṣù Kauai ní Hawaii, Emmy Werner àti Ruth Smith tẹ̀ lé àwọn ọmọ 698 tí wọ́n bí ní 1955 títí wọ́n fi di àgbàlagbà. Àwọn kan nínú wọn bọ́ sínú ìṣẹ́, ìjà òbí tàbí àìsàn ọpọlọ òbí, ọ̀pọ̀ ẹrù lẹ́ẹ̀kan náà. Síbẹ̀ bíi ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ọmọ ẹlẹ́rù wọ̀nyí dàgbà di èèyàn tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, tó ń ṣiṣẹ́, tó sì ń fẹ́ni. Nígbà tí wọ́n wá ohun tó gbé wọn là, wọ́n rí i pé àgbàlagbà kan wà tó dúró ti ọmọ náà láìyẹsẹ̀. Lẹ́yìn ẹbí, tíṣà wà lára àwọn tí wọ́n dárúkọ léraléra.

Kí ni tíṣà wá lè ṣe?

Mi ò ní kọ ìwé òfin síbí. Ohun kékeré ni púpọ̀ nínú rẹ̀, ohun tí kò gba àkókò: kí ó mọ orúkọ ọmọ kó sì pè é bó ṣe yẹ, kí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ó kí wọn bí wọ́n ṣe ń wọlé, kí ó sọ fún ẹni tí kò wá lánàá pé, "A retí ẹ." Àwọn tíṣà kan máa ń mú ọmọ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti sú wọn jù, wọ́n á bá a sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú méjì lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá, lórí ohun tó wu ọmọ náà, láìmẹ́nu ba ìwé tàbí ìwà. Ọ̀dọ̀ Raymond Wlodkowski, onímọ̀ ìhùwàsí ará Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti rí ọgbọ́n yìí kọ́. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ máa ń nira. "Bọ́ọ̀lù wo lo wò?" "Kò sí." Ẹ fara dà á.

Ohun tí wọn kì í sábà sọ ni àtúnṣe lẹ́yìn ìjà. Kò sí tíṣà tí kì í ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ohun tó ń bà àárín jẹ́ gan-an ni kí ó ṣi ọ̀rọ̀ sọ kó sì ṣe bíi pé kò sọ nǹkan. "Ohun tí mo sọ sí ẹ lánàá lójú gbogbo èèyàn, kò yẹ kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tí o ò ṣe ṣì wà nílẹ̀, àmọ́ mo bẹ̀ ẹ́ nípa ọ̀rọ̀ yẹn." Àwọn kan gbà pé èyí á jẹ́ kí ọmọ rí wọn fín. Mi ò tíì rí ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Ohun tí mo rí ni ọmọ tó kọ́ pé àárín lè bàjẹ́ kó sì tún ṣe, ìmọ̀ yẹn á sì bá a délé ọkọ tàbí ilé aya.

Ní ilé-ìwé girama, ìṣòro mìíràn wà. Ọmọ kan ní tíṣà mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá, kò sí èyí tó ń rí i ju ogójì ìṣẹ́jú lọ lẹ́ẹ̀kan. Oníkálukú á rò pé ẹlòmíì ti rí i. Àwọn ilé-ìwé kan ti wá ọgbọ́n sí i: wọ́n á lẹ orúkọ gbogbo ọmọ mọ́ ògiri yàrá àwọn tíṣà nígbà tí àwọn ọmọ ti lọ sílé, tíṣà kọ̀ọ̀kan á sì fàmì sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ọmọ tó bá mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ tí kì í ṣe máàkì. Tí wọ́n bá parí, orúkọ mìíràn á ní àmì méje. Òmíràn ò ní ní ẹyọ kan. Ọmọ dáadáa, tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n á wá pín àwọn orúkọ yẹn láàárín ara wọn, láìsọ fún ọmọ.

Ibi tí iṣẹ́ tíṣà dúró sí

Tíṣà kì í ṣe oníṣègùn, kò sì gbọ́dọ̀ ṣe bí oníṣègùn. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó rí i, kó béèrè, kó sì so ọmọ pọ̀ mọ́ ẹni tó lè tọ́jú rẹ̀. Tí ọmọ bá ní, "Mo fẹ́ sọ nǹkan fún yín, àmọ́ ẹ ṣèlérí pé ẹ ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni," kó má ṣe ìlérí náà. Ìdáhùn tó dára ni pé, "Tó bá jẹ́ ohun tó lè pa ẹ́ lára, mo máa sọ fún ẹni tó lè ràn wá lọ́wọ́, àmọ́ ìwọ ni mo máa kọ́kọ́ sọ fún pé mo fẹ́ sọ ọ́." Tí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ pé ayé ti sú ọmọ, kí tíṣà bi í tààrà bóyá ó ń rò ó láti gbẹ̀mí ara rẹ̀. Bíbéèrè kì í fi èrò náà sí ọmọ lórí, ó sábà máa ń mú kí ara tù ú pé ẹnì kan ti sọ ọ́ jáde. Kí wọ́n má fi ọmọ náà nìkan sílẹ̀, kí wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá agbaninímọ̀ràn ilé-ìwé, ọ̀gá ilé-ìwé, òbí àti dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Àfi tó bá jẹ́ pé ilé ni ewu náà ti ń wá. Nígbà náà, àwọn tó ń dáàbò bo ọmọdé ni kí wọ́n kọ́kọ́ pè.

Ààlà tún wà níbòmíràn. Àtẹ̀jíṣẹ́ ìkọ̀kọ̀ ní aago mọ́kànlá alẹ́, ẹ̀bùn bòókẹ́lẹ́, "má sọ fún ìyá rẹ," gbogbo ìwọ̀nyí kì í ṣe àárín tó dára, bó ti wù kí wọ́n dùn ún gbọ́ tó. Èyí tó dára, ẹlòmíì lè wò ó láìsí ìtìjú.

Ara tíṣà náà sì ńkọ́? Lọ́dún 2016, Eva Oberle àti Kimberly Schonert-Reichl tẹ ìwádìí kan jáde láti Kánádà. Wọ́n wọn cortisol, homóònù tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, nínú itọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní àárọ̀, wọ́n sì bi àwọn tíṣà wọn bí iṣẹ́ ṣe ti sú wọn tó. Níbi tí iṣẹ́ ti sú tíṣà jù, cortisol àwọn ọmọ rẹ̀ ga jù. Ẹyin àti adìẹ tún wà níbẹ̀, kíláàsì tó ṣòro lè sú tíṣà, àmọ́ ẹni tó bá ní kí tíṣà fún ọgọ́ta ọmọ ní ìfẹ́ tí kò sì fún tíṣà náà ní àyè mí, ó ń bu omi nínú agbè òfìfo ni.

Ẹ̀yin òbí, tí ọmọ bá délé tó ní, "Tíṣà yẹn kórìíra mi," ẹ má yára gbèjà tíṣà, ẹ má sì yára wọ bàtà láti lọ bá a jà. Ẹ ní kí ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kí ó sọ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, ta ló wà níbẹ̀, kí ni òun náà sọ. Tó bá jẹ́ ìyà tàbí èébú, ọ̀rọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé ni, ẹ má sì jẹ́ kó di ọ̀la. Tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ lọ rí tíṣà náà ní àkókò tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀. Kí ẹ tó sọ ohun tí ọmọ sọ, ẹ kọ́kọ́ bi í pé, "Kí lẹ rí lára ọmọ mi tí èmi lè má rí nílé?" Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́ kí ó dáhùn. Tí kò bá rí nǹkan kan sọ ju "Ọmọ dáadáa ni" lọ, ẹ sọ ohun kan fún un nípa ọmọ yín tí kò sí nínú ìwé máàkì: ohun tó ń yà, ohun tó ń bà á lẹ́rù, àbúrò tó ń tọ́jú. Ó di ọjọ́ kejì, ohun kan ti wà tí tíṣà yẹn lè bi í.